Fídíò Tí Kò Ṣí Kò Tíì Kú: Ẹ Má Fi Ìkánjú Pa Á

Bí fídíò bá kọ̀ tí kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀ ná. Ẹ má tẹ "Format". Ẹ má pa á rẹ́ pé ẹ óò tún un gbà lọ́wọ́ onífídíò. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ gba nǹkan kan wọlé kí fídíò náà tó lè ṣí, ẹ má dá a lóhùn. Púpọ̀ nínú àwọn fídíò tí à ń káàánú lé lórí ní Adó-Èkìtì àti àyíká rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ nígbà tí a kọ́kọ́ rí i pé wọn kò ṣí. Ohun tí a sáré ṣe lẹ́yìn náà ló bà wọ́n jẹ́.

Mo mọ ohun tó ń mú wa kánjú. Ìnáwó kì í ṣe ohun kékeré nílẹ̀ Èkìtì. A óò ṣe àìsùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, a óò sin òkú lọ́jọ́ Ẹtì, a óò ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, onífídíò á sì máa tọ̀ wá lẹ́yìn káàkiri, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi ìsìnkú, dé abẹ́ àtíbàbà. Àwọn ọmọ tó wà ní London àti Houston tí ìwé ìrìnnà tàbí owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wálé, fídíò yẹn ni wọ́n ń retí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fláàṣì kékeré kan ni wọ́n máa ń fi lé wa lọ́wọ́. A kì í sin ìyá ẹni lẹ́ẹ̀mejì. Bí ohùn Màmá níbi tí wọ́n ti ń súre fún ọmọ-ọmọ wọn ní ọjọ́ ìgbéyàwó bá wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, tí fáìlì náà sì lọ, kò sí owó tó lè rà á padà. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì yọ fláàṣì kúrò, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ óò máa tún ṣe. Ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojúlówó mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ orúkọ fáìlì náà, ẹ tẹ "Properties", kí ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Bí ó bá jẹ́ 0 ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ lásán ló wà níbẹ̀, fídíò kò sí nínú rẹ̀. Bí fídíò tó yẹ kó gba wákàtí méjì bá jẹ́ MB díẹ̀ péré, ó já lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń dà á kọ ni. Irú èyí kò ní àtúnṣe kankan lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ pe onífídíò lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí pé mẹ́mọ́rì káàdì wọ́n, ọ̀pọ̀ onífídíò ló sì máa ń nu káàdì wọn kí wọ́n tó lọ síbi ìnáwó mìíràn.

Bí títóbi rẹ̀ bá pé, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí fídíò náà máa yá gágá, kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni kò mọ bí yóò ṣe tú u. MP4 tàbí MOV tí ẹ ń rí ní ìparí orúkọ fáìlì kò ju àpò lọ. Ohun tó wà nínú àpò náà lè jẹ́ fídíò tí wọ́n fi ọ̀nà H.264 fún pọ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi H.265 fún pọ̀, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC. Láti ọdún 2017, nígbà tí iOS 11 jáde, ni iPhone ti ń fi HEVC gba fídíò sílẹ̀ kó má baà gba àyè púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows kò sì ní ohun tí yóò fi tú HEVC láti ilé ìtajà. Microsoft ń tà á lọ́tọ̀ ní nǹkan bíi dọ́là kan. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 0xc00d5212 lójú kọ̀ǹpútà, ohun tó ń sọ nìyẹn: kò sí ohun tí yóò fi tú fídíò yìí. Bákan náà ló rí nígbà mìíràn tí ẹ bá ń gbọ́ ohùn pásítọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirimú. Nọ́ńbà 0xc00d36c4 ò dájú tó bẹ́ẹ̀: ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni kò mọ irú fáìlì náà, ó sì lè jẹ́ pé fáìlì ló bàjẹ́. Ẹ má tìtorí rẹ̀ sọ̀rètí nù.

Ẹ lọ gba VLC, ètò kan tí a fi ń wo fídíò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1996, láti 2001 ni wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ohun tí yóò fi tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú fídíò ti wà nínú òun fúnra rẹ̀, kò nílò kí ẹ tún lọ wá nǹkan mìíràn. Videolan.org nìkan ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ fọwọ́ yín tẹ àdírẹ́sì yẹn, torí pé bí ẹ bá wá a lórí Google, ìpolówó ayédèrú lè wà lókè ju ojúlówó lọ. Bí fídíò náà bá ṣí lórí VLC ṣùgbọ́n tó ń ta gíẹ́gíẹ́, agbára kọ̀ǹpútà yín ni kò ká a. Fáìlì náà kò ní àrùn kankan. HandBrake, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, lè sọ ẹ̀dà rẹ̀ di H.264, ojúlówó á sì wà níbi tó wà. Ẹni tó ń lo iPhone lè lọ sí Settings, kó wọ Camera, kó wọ Formats, kó sì yan "Most Compatible", kí fídíò tí yóò gbà láti ìsinsìnyí lọ lè máa ṣí fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa MOV tó wà ní ìparí orúkọ fáìlì rẹ́ kí ẹ fi MP4 sí i. Orúkọ lẹ yí padà yẹn, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí tó kàn dáadáa, torí pé òun ló ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn. Bí fídíò kan bá kọ̀, tí ojú ìwé kan sì yọ tó ń sọ pé "codec" kan, ìyẹn ohun tí a fi ń tú fídíò, kù, tàbí pé Flash Player yín ti gbó, pé kí ẹ tẹ ibí kí ẹ gbà á, oníjìbìtì ni. Adobe ti pa Flash Player tì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, kò sí Flash tuntun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fún yín. Ọgbọ́n àrékérekè yìí ti pẹ́. Láti ọdún 2005 ni ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Zlob ti ń fi ara rẹ̀ hàn bíi codec fún àwọn tó ń wá fídíò wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, FBI ti Amẹ́ríkà kéde pé ọwọ́ ti tẹ ọmọ orílẹ̀-èdè Estonia mẹ́fà lórí ètò burúkú mìíràn tó ń jẹ́ DNSChanger, tó wọ kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Owó tí wọ́n rí lórí rẹ̀ kò dín ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Ayédèrú codec wà lára ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Ènìyàn fẹ́ wo fídíò, wọ́n ní ohun kan kù, ó tẹ̀ ẹ́, láti ọjọ́ náà lọ àwọn oníjìbìtì ló ń darí ibi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ro ohun tó wà lórí laptop ilé yín wò. Íméèlì tí báńkì fi ń kọ̀wé sí yín wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ti fi pamọ́ sínú Chrome wà níbẹ̀, àti fọ́tò NIN yín, àti ìwé ilẹ̀ tí ẹ ya àwòrán rẹ̀. Nítorí fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ ṣe fẹ́ ṣílẹ̀kùn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀? Irú ewu yìí kan náà wà lọ́dọ̀ àwọn ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣèlérí pé àwọn á tún fídíò yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí pé àwọn á sọ ọ́ di irú mìíràn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ẹ̀ka FBI tó wà ní Denver kìlọ̀ pé àwọn oníjìbìtì ń fi irú ibùdó bẹ́ẹ̀ rán fáírọ́ọ̀sì sí kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn. Ẹ tún máa wo ìparí orúkọ fáìlì dáadáa. Windows máa ń fi apá ìparí yẹn pamọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ rí bíi "Isinku Baba.mp4" lè jẹ́ "Isinku Baba.mp4.exe" ní ti gidi. Kò sí fídíò tó ń parí sí exe. Lórí Windows 11, ẹ wọ View, kí ẹ wọ Show, kí ẹ yan "File name extensions", ẹ óò sì máa rí orúkọ rẹ̀ pé.

Ọ̀ràn mìíràn wà tó wọ́pọ̀ láàárín wa gan-an, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbé fláàṣì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ́nà Ìwòrókò lẹ́bàá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSU), tàbí ní àyíká Pólì. Wọ́n ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń ki tiwọn bọ̀, wọ́n tẹ ìwé wọn tán, wọ́n délé, gbogbo ohun tó wà nínú fláàṣì ti di "shortcut", ìkọ̀ọ̀kan kò ju KB kan tàbí méjì lọ. Wọ́n tẹ fídíò, kò ṣí. Àyà wọn já, wọ́n tẹ Format. Áà! Fídíò náà wà níbẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Fáírọ́ọ̀sì ló fi í pamọ́ tó sì gbé ayédèrú síwájú. Ẹ má tẹ àwọn shortcut yẹn, torí pé títẹ̀ wọ́n ló ń tan àrùn náà dé orí kọ̀ǹpútà tiyín. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* kí ẹ sì tẹ Enter. Lẹ́tà E yẹn dúró fún fláàṣì. Bí tiyín bá jẹ́ F tàbí G, òun ni kí ẹ fi síbẹ̀. Àwọn fáìlì tó fara pamọ́ á tún fojú hàn, nígbà mìíràn nínú "folder" kan tí kò lórúkọ. Ẹ dà wọ́n kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ jẹ́ kí Windows Security yẹ̀ wọ́n wò, ìgbà náà lẹ tó lè nu fláàṣì yẹn. Ẹ tún sọ fún àwọn ọmọ pé fláàṣì tí fídíò ìnáwó ilé wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde nílé. Kí wọ́n ra kékeré kan sọ́tọ̀ fún títẹ̀wé.

Bí Windows bá sọ fún yín pé kí ẹ format kí ẹ tó lè lo fláàṣì náà, ẹ tẹ Cancel. Bí ó bá ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí òun sì tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tó bá ṣì ṣeé dà kọ, torí pé àtúnṣe yẹn lè gé fáìlì tó ti ní ìṣòro sí wẹ́wẹ́. Bí fídíò bá sì ti pòórá pátápátá, ẹ má ṣe kọ nǹkan mìíràn sórí fláàṣì tàbí káàdì náà rárá, fọ́tò kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ wọ orí rẹ̀. Ohun tí a pa rẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀ títí ohun tuntun yóò fi gorí rẹ̀. PhotoRec, ètò ọ̀fẹ́ kan, ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wá irú rẹ̀ rí, bí wọ́n bá tètè ké sí i. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ sọ fún un pé kó kó ohun tó bá rí sí, kì í ṣe orí fláàṣì kan náà.

Ti iná ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé NÉPÀ kì í dágbére. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti fóònù tó ń gba fídíò MP4 sílẹ̀ máa ń fi àtòkọ kan sí ìparí fáìlì, èyí tó ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan àti ohùn rẹ̀ wà. Moov ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí iná bá lọ, tí bátìrì kámẹ́rà kú, tàbí tí ẹnì kan yọ káàdì kí kámẹ́rà tó kọ ọ́ tán, fídíò náà á dà bí ìwé ńlá tí wọn kò kọ nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì já. Gbogbo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n VLC pàápàá kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Irú èyí ṣeé tún ṣe nígbà púpọ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ untrunc, ohun tó sì ń béèrè ni fídíò mìíràn tó yá, tí kámẹ́rà kan náà gbà sílẹ̀ pẹ̀lú ètò kan náà, kó lè fi ti èyí tó yá mọ bí èyí tó bàjẹ́ ṣe yẹ kó rí. Nítorí náà, bí fídíò ibi ìsìnkú bá bàjẹ́, ẹ bẹ onífídíò kó má nu fídíò ìdúpẹ́ tó gbà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Èyí tí ẹ rò pé kò ṣe pàtàkì ni yóò gba èyí tó ṣe pàtàkì là. Iṣẹ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ni o, ẹ má ṣe fi kọ́ṣẹ́ lórí ojúlówó.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di kí ẹ gbé e fún àtúnṣe, ẹ yan ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn ní Ìjìgbò, Òkèṣà àti Ajílòsun ní Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo laptop fún ẹnì kan nítorí fáìlì kan. Ẹ fi ẹ̀dà fáìlì náà sórí fláàṣì tí nǹkan mìíràn kò sí lórí rẹ̀, kí ẹ fún un. Bí ó bá jẹ́ laptop fúnra rẹ̀ ló ní àìsàn, ẹ kó fọ́tò àti fídíò àṣírí ilé yín kúrò lórí rẹ̀ ná, kí ẹ jáde kúrò nínú íméèlì àti WhatsApp. Nàìjíríà ní òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Kò burú. Ṣùgbọ́n fídíò tó ti jáde sí ìgboro, òfin kò lè pè é padà wálé. Ẹ tún béèrè iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fẹnu kò pé bí kò bá rí fídíò náà gbà padà, ẹ kò ní san gbogbo rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wàhálà yìí ni a lè dènà ní ọjọ́ tí onífídíò bá ń fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ sínú báàgì. Ẹ ṣí i níwájú rẹ̀, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fà á dé àárín, ẹ fà á dé ìparí. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ayédèrú fláàṣì tó kún ọjà: wọ́n á kọ 1TB sí i lára, wọ́n á tà á lówó pọ́ọ́kú, ohun tó lè gbà ní ti gidi kò sì ju 8GB tàbí 16GB lọ. Bí ẹ bá kó fídíò sí i, orúkọ gbogbo wọn á hàn, títóbi wọn á pé, ṣùgbọ́n èyí tó kọjá agbára rẹ̀ ti ṣòfò. Ẹ fi ètò ọ̀fẹ́ H2testw dán fláàṣì tuntun wò nígbà tí kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí Windows bá sì sọ pé fídíò ti tóbi jù fún fláàṣì tí àyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, FAT32 ni wọ́n fi ṣe é, kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó sọ ọ́ di exFAT, torí pé ìyípadà yẹn á nu gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì fa fláàṣì yọ lójijì. Ẹ tẹ "Eject" kí ẹ dúró díẹ̀.

Àwọn tó ní téèpù VHS nílé, irú èyí tí a fi gba ayẹyẹ sílẹ̀ ní àsìkò tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, ti dáwọ́ dúró láti ọdún 2016. Ẹ wá ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kó bá yín gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Àwo DVD náà ń gbó, ọ̀pọ̀ laptop òde òní kò sì ní ibi tí a ń ki í bọ̀ mọ́.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ń bẹ yín fún lórí fídíò tó bá ṣe pàtàkì: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fláàṣì tàbí hard disk tí a tọ́jú sí ilé ẹlòmíràn nínú ẹbí, ọ̀kan lórí Google Drive tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Bí ẹ bá fẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn, ẹ fi ránṣẹ́ bíi "Document", torí pé bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, àwòrán rẹ̀ á sì ṣe bàìbàì. Kò gbọdọ̀ ju 2GB lọ. Ní Adó-Èkìtì, oṣù Kẹjọ ni ọdún Udìrókò máa ń wáyé, ìnáwó ìparí ọdún á tẹ̀lé e, àwọn onífídíò á sì tún máa nu káàdì. Ẹni tí fídíò ilé rẹ̀ bá wà níbì kan ṣoṣo, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí.